Iná Ọba, Òkùnkùn Ará Ìlú

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná wọ ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí ó fìdí múlẹ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà ni iná ọba. Títì tí ọkọ̀ ń gbà láti ìlú kan sí òmíràn, ọ̀nà ọba ni. Àdéhùn ńlá wà nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá pè ní ti ọba, ọba ni yóò pèsè rẹ̀, ọba ni yóò máa bójú tó o, bí ó bá sì bàjẹ́, ojú ọba ni yóò kọ́kọ́ tì. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà tí ó pe iná ní iná ọba ni ó tún ń wí pé a kì í ṣe iṣẹ́ ọba kí a làágùn. Kò yani lẹ́nu. Ìjọba tí ó mú iná dé kì í ṣe ìjọba tí ará ìlú yàn. Àjèjì ni, ó ń gba owó orí, kì í gba ìmọ̀ràn. Ìrètí wà nínú orúkọ náà, ìpẹ̀gàn wà nínú òwe náà.

Láti ọdún 1960 tí Nàìjíríà ti gba òmìnira, ohun tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ṣe ni kí wọ́n mú orúkọ náà ṣẹ, kí wọ́n sì sọ òwe náà di ohun àtijọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Orúkọ ti ṣófo, òwe ló kù nílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò sì farasin: ọba fúnra rẹ̀ ti sá kúrò lábẹ́ iná ọba. Ẹni tí ó ń ṣe òfin nípa iná kì í gbé nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó ń pín owó fún ilé ìwòsàn ìjọba kì í sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀. Àìsí owó kọ́ ni olórí àrùn tí ó ń ṣe orílẹ̀-èdè yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìsí ọ̀mọ̀wé. Olórí àrùn náà ni pé àwọn tí wọ́n fi ohun gbogbo ènìyàn sí ìkáwọ́ wọn kì í lo ohun náà mọ́. Níbi tí olùṣọ́ kò bá ti sùn nínú ilé tí ó ń ṣọ́, olè kì í jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí ìtàn iná yìí fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti 1896 ni iná mọ̀nàmọ́ná ti kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ní 1951 ni àjọ tí wọ́n ń pè ní ECN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1969 ni wọ́n ṣí ìsédò Kainji lórí Odò Ọya, tí ó lè fi agbára omi pèsè 760 mẹgawáàtì. Ní 1972 ni wọ́n da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tí ó ni Kainji, tí àpapọ̀ wọn sì di NEPA. Nígbà tí orúkọ NEPA ti di ẹ̀sín, wọ́n sọ ọ́ di PHCN ní 2005. Ará ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìṣòro ni ó yí orúkọ padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fa ọ̀pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ mọ́kànlá tí ń pín iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́, pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń pèsè rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ di àwọn wáyà ńlá tí ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè mú. Síbẹ̀, bí iná bá dé ní àdúgbò, “Up NEPA!” ni igbe tí àwọn ọmọdé ń ké. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí NEPA ti kú ń kí NEPA kú iṣẹ́. Ó ń hó ìhó ayọ̀ lórí ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ti sanwó fún.

Ìlérí kò wọ́n ní gbogbo àkókò yìí. Ní 1999, nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, Olóògbé Bọ́lá Ìgè ni wọ́n fi ṣe mínísítà tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé olóye ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀lẹ. Ó fọwọ́ sọ̀yà pé iná tí ń ṣe ségesège yóò dópin láìpẹ́. Ó kúrò ní ipò náà ní 2000, òkùnkùn kò kúrò. Kí ìbò ààrẹ ti 2023 tó wáyé, Bọ́lá Tinúbú náà sọ fún àwọn olùdìbò pé bí òun kò bá pèsè iná tí kì í ṣẹ́jú láàárín ọdún mẹ́rin, kí wọ́n má ṣe dìbò fún òun lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ náà wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọjọ́ fún ara rẹ̀ kò ní ẹ̀sùn láti fi kan ẹni tí ó bá ń ka ọjọ́.

Kí ni ó dé tí ìlérí kì í ṣẹ? Ohun èlò tí Nàìjíríà ní lè pèsè nǹkan bí 13,000 mẹgawáàtì bí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń dé orí wáyà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò ju 4,000 sí 5,000 lọ, fún ènìyàn tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù. Ní 2021, Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé 85 mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà ni wáyà iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí iye àwọn tí kò ní iná tó bẹ́ẹ̀. Láàárín iná tí ó lè wà àti èyí tí ó ń dé, ọ̀gbun gbèsè ni ó wà níbẹ̀. Oníbàárà kò ní mítà, nítorí náà ilé iṣẹ́ tí ń pín iná ń fi àfojúbù kọ bíìlì fún un. Ẹni tí wọ́n kọ bíìlì oṣù kan fún, tí kò sì rí iná ọ̀sẹ̀ kan, ń kọ̀ láti san. Ilé iṣẹ́ tí ń pín iná kò wá lè san owó pé fún àwọn tí ń pèsè rẹ̀. Àwọn tí ń pèsè rẹ̀ jẹ gbèsè owó gáàsì. Bí gáàsì kò bá dé, ẹ̀rọ dúró, òkùnkùn ṣú, oníbàárà tún rí ìdí mìíràn tí kò fi ní sanwó. Wáyà ńlá tí ó gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò sì ní agbára ìpamọ́ tí ó tó láti gba ìjákulẹ̀ mọ́ra, tó bẹ́ẹ̀ tí àbùkù ní ibì kan fi lè sọ gbogbo ìlú sínú òkùnkùn. Ní ọdún 2024 nìkan, ó wó lulẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ìgbà mẹ́wàá. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọ̀daràn ba wáyà tí ó lọ láti Shiroro sí Kàdúná jẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Òkè Ọya sì wà nínú òkùnkùn fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Òkè Ọya ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ibi tí ó yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni tí ń jẹ́ aláṣẹ. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn oníṣègùn tí ó jáde níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ káàkiri àgbáyé títí di òní. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tí ń pín iná gé iná ilé ìwòsàn náà nítorí gbèsè. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ kí wọ́n tó dá a padà ní oṣù kejì ọdún 2025. Ilé ìwòsàn kì í ṣe ilé ọtí. Iná ni ó ń mú yàrá iṣẹ́ abẹ ṣiṣẹ́. Iná ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tọ́jú tutù. Iná ni ó ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru nínú ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹ̀hónú hàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, ọjọ́ ń gorí ọjọ́.

Ta ni ó jẹ ta ní gbèsè nínú ọ̀ràn yìí? Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni UCH. Ìjọba àpapọ̀ yìí kan náà di ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún mú nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń pín iná tí wọ́n tà. Mínísítà tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná nígbà náà, Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni. Ọwọ́ ọ̀tún ìjọba ni ó pa iná mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ lójú, aláìsàn ni ó dùbúlẹ̀ sí àárín méjèèjì. Ká ní ìyá mínísítà kan, tàbí ọmọ sẹ́nétọ̀ kan, ni ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ṣé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni ìbá gbà? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìtọ́jú ara. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun kò ní nílò rẹ̀ láé. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ti Ìbàdàn.

Gbèsè pàápàá, kì í ṣe ará ìlú nìkan ni ó ń jẹ ẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tí ń pín iná ní Àbújá kéde orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 47 náírà. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ńláńlá wà nínú ìwé náà, Ilé Ààrẹ sì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí ó lé ní 923 mílíọ̀nù náírà sí i lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n jọ ṣírò rẹ̀ tán, ó di nǹkan bí 342 mílíọ̀nù. Ẹ fi iye náà sílẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ó túmọ̀ sí: ọba jẹ gbèsè iná ọba. Aránṣọ tí ó jẹ gbèsè oṣù méjì ní Mọ́kọ́lá, àkàbà ni wọ́n máa gbé wá sí ìdí òpó láti gé wáyà rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó parí ọ̀rọ̀. Nínú ètò ìnáwó ọdún 2025, wọ́n ya bílíọ̀nù 10 náírà sọ́tọ̀ láti fi iná oòrùn sí Ilé Ààrẹ ní Aso Rock. Àwọn agbẹnusọ ìjọba ní yóò dín ìnáwó kù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba bá ń gbẹ́ kànga sínú ààfin, kí ará ìlú mọ̀ pé ìrètí ti pin lórí odò tí gbogbo wọn jọ ń pọn. Ìjọba ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òun kò gba ara òun gbọ́.

Bí ọba ti sá, bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú náà sá, oníkálukú sínú ilé tirẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ti di ìjọba kékeré. Baálé ilé ni mínísítà iná, ó ń ra jẹnẹrétọ̀. Òun ni mínísítà omi, ó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Òun ni kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, ó ń dá owó ọlọ́dẹ. Òun ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó ń san owó ilé ìwé aládàáni. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó tún ń san owó orí fún ìjọba tí ó ti bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn onílé àti ayálégbé ni wọ́n ń dáwó ra tiransifọ́mà, òpó àti wáyà. Bí wọ́n bá rà á tán, ó di ti ilé iṣẹ́ tí ń pín iná, bíìlì rẹ̀ sì ń padà wá bá àwọn tí ó rà á.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà tí àwọn ènìyàn sọ ní “Mo-sàn-ju-aládùúgbò-mi-lọ”. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ búburú wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn kò bá ẹni tí ó pa iná jà mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń bá díje. Ìgbà tí ó bá ti tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbọ́ ẹkún ilé kejì. Èéfín rẹ̀ sì ti pa odindi ìdílé sójú oorun ní ìlú yìí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Òtòṣì ni ó ń san jù nínú ètò yìí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá epo kan tí kò tó 200 náírà nígbà náà ti kọjá 1,000 náírà nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ. Ìyá tí ń ta ẹja òkú Èkó, onígbàjámọ̀, wẹ́dà, ẹlẹ́rọ ata, gbogbo wọn ni ó ń ra epo kí wọ́n tó rí èrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n tún fa owó yúníìtì iná kan láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 fún àwọn tí wọ́n kà sí “Band A”, nǹkan bí oníbàárà 15 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò máa rí iná fún 20 wákàtí lójúmọ́. Àwọn tí ó kù ń gba èyí tí ó bá ṣẹ́kù. Ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ ni wọ́n fi iná dí lẹ́nu. Ẹni tí kò ní ẹnu ni òkùnkùn kù fún.

Àwọn kan yóò wí pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, pé àṣà Yorùbá ni. Irọ́ ni. Ọ̀wẹ̀ àti ààrò ni àṣà Yorùbá. Nínú ọ̀wẹ̀, gbogbo abúlé ni ó ń kọ́ ilé ẹnìkan. Nínú ààrò, oko rẹ lónìí, oko mi lọ́la. Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ohun tí oníkálukú fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra ni. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ará ìlú náà kò mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ń jí iná fà, wọ́n ń gé wáyà tà, wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ iná ní rìbá kí ó lè fo mítà wọn. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń jí iná ń jí i lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ìwà kì í ti ìsàlẹ̀ gòkè. Níbi tí Ilé Ààrẹ ti lè jẹ gbèsè iná, ta ni yóò wàásù fún ẹni tí ó fa wáyà kọjá mítà ní Agége?

Ó ku àwáwí kan ṣoṣo, ọdún 2023 sì ti já a nù. Tẹ́lẹ̀, bí ará Ìbàdàn tàbí ará Àkúrẹ́ bá kígbe òkùnkùn, gómìnà á nawọ́ sí Àbújá. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n tún òfin ilẹ̀ ṣe, tí ìpínlẹ̀ fi lè pèsè iná, kí ó gbé e, kí ó sì pín in, kódà ní ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Òfin iná tuntun tẹ̀lé e ní oṣù kẹfà. Láti ìgbà náà, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn ti gba agbára láti ṣàkóso ọjà iná nínú ìpínlẹ̀ wọn. Ọ̀nà Àbújá jìn, ṣùgbọ́n Àgodi kò jìn sí Mọ́kọ́lá. Aláùsá kò jìn sí Agége. Ẹni tí ó bá ń du ipò gómìnà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ìsinsìnyí lọ, ìbéèrè mẹ́ta ni kí wọ́n bi í kí wọ́n tó gba ìrẹsì rẹ̀: mítà mélòó ni yóò wọ ilé kí ọdún kìíní tó pé, ọjọ́ wo ni ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yóò san gbèsè iná tí ó wà lọ́rùn wọn, ilé ìwòsàn wo ni yóò kọ́kọ́ ní iná tí kì í kú, kí ilé gómìnà tó ní in?

Ìbéèrè kẹta yìí ni ó wúwo jù. Kò yẹ kí náírà kan jáde nínú àpò ìlú fún jẹnẹrétọ̀ tàbí iná oòrùn ilé aláṣẹ kankan níwọ̀n ìgbà tí iná ilé ìwòsàn ìjọba bá ń ṣẹ́jú. Kí gómìnà wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú ìyá ẹlẹ́ja. Kí kọmíṣọ́nà ètò ìlera máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn tí ó ń ṣàkóso. Èyí kì í ṣe ìjìyà fún ẹnikẹ́ni. Àdéhùn tí ó wà nínú orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni: bí iná bá jẹ́ ti ọba, kí ọba máa gbé lábẹ́ rẹ̀.

Títí di ìgbà náà, kí ará ìlú ṣíwọ́ ìhó ayọ̀. Ìgbà tí iná bá dé lálẹ́ òní, kí wọ́n má ṣe kí ẹnikẹ́ni kú iṣẹ́. Kí wọ́n wo aago, kí wọ́n kọ wákàtí tí ó dé sílẹ̀, kí wọ́n kọ wákàtí tí ó lọ, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé náà di ọjọ́ ìbò.